Ọlọ Ìkún-Omi ti Woodbridge

Ọlọ Ìkún-Omi ti Woodbridge jẹ́ ilé ọlọ àtijọ́ létí odò Deben, nílùú Woodbridge, ní agbègbè Suffolk, ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi òkun tó ń kún tó sì ń fà lójoojúmọ́ ló ń yí i. Ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé ìpele kìíní tí òfin dáàbò bò.

Àkọsílẹ̀ ti mẹ́nu ba ọlọ kan níbẹ̀ láti ọdún 1170. Ọwọ́ àwọn àlùfáà Augustine, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì kan, ló wà títí Ọba Henry Kẹjọ fi tú àwọn ilé ẹ̀sìn ká, tó sì gba ohun ìní wọn. Lọ́dún 1564, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fi í lé Thomas Seckford, òṣìṣẹ́ ààfin rẹ̀, lọ́wọ́. Ilé tó dúró lónìí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1793 ni wọ́n kọ́ ọ.

Ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ yẹ fún àfiyèsí. Bí omi òkun bá ń kún bọ̀, agbára rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn adágún ẹ̀gbẹ́ ọlọ ṣí, omi á sì wọlé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, omi inú adágún fúnra rẹ̀ ni yóò ti ilẹ̀kùn náà pa. Alọkà á wá dúró kí odò ìta lọ sílẹ̀ dáadáa, torí kẹ̀kẹ́ ńlá tí omi ń yí láti fi lọ ọkà kò lè yí bí omi bá ṣì mù ún. Lẹ́yìn èyí ló máa tú omi adágún sórí kẹ̀kẹ́, tí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ní eyín irin àti ti igi á sì gbé agbára rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ, òkúta tó ń lọ ọkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi sábà máa ń kún lóòjọ́, àsìkò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, bó bá bọ́ sí òru, òru ni alọkà yóò ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 1957, òpó igi óòkù tó gba àárín kẹ̀kẹ́ náà kọjá ṣẹ́, iṣẹ́ sì dúró. Òun ni ọlọ ìkún-omi tó kẹ́yìn tó ṣì ń fi ọkà lílọ̀ ṣòwò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jean Gardner rà á lọ́dún 1968 kó má bàa wó, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àlejò lọ́dún 1973. Adágún àtijọ́, tó fẹ̀ tó éékà 7, ti di ibùdókọ̀ ojú omi. Ìdajì éékà péré ni èyí tí wọ́n gbẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àtúnṣe ńlá ọdún 2011 sí 2012 fún un ní kẹ̀kẹ́ tuntun, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà. Àwọn àlejò lè ra ìyẹ̀fun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí omi bá gbà nìkan ni wọ́n lè rí i níbi tó ti ń lọ̀ ọ́.