Òfin kickoff nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti bí wọ́n ṣe ń yí i padà nítorí ààbò

Kickoff ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbá láti fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, òun náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, tíìmù tó bá sì ti gba touchdown tàbí field goal, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń gba àmì nínú eré náà, á tún gbá a fún tíìmù kejì. Ẹni tó bá mú un lápá ọ̀hún á gbé e sáyà, á máa sáré bọ̀, àwọn tó gbá a á sì máa sáré lọ pàdé ẹ̀ kí wọ́n lè gbé e ṣánlẹ̀. Láti ọdún 2009 ni líìgì NFL, èyí tó ga jù nínú eré náà, ti ń tún òfin rẹ̀ ṣe léraléra, títí tí wọ́n fi wá yí gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe ń tò sórí pápá padà lọ́dún 2024, torí kò sí ibòmíì nínú eré yẹn tí ọpọlọ èèyàn ti máa ń mì nínú agbárí tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn dókítà ń pè ní concussion.

Kéèyàn tó mọ ìdí ẹ̀, ó yẹ kó mọ pápá náà. Yáàdì 100 ló wà láàárín ìlà góòlù kan sí èkejì, wọ́n sì ń kà á láti ìlà góòlù tíìmù kọ̀ọ̀kan lọ sí àárín tó jẹ́ 50, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tíìmù méjèèjì ló ní ìlà 35 tiwọn. Lẹ́yìn ìlà góòlù kọ̀ọ̀kan ni end zone wà, yáàdì 10. Nínú eré tó kù, àwọn èèyàn ńlá ńlá wọ̀nyẹn máa ń dojú kọra ní ibi tí ọwọ́ lè dé, wọ́n lágbára lóòótọ́ àmọ́ wọn ò tíì rí àyè sáré kí wọ́n tó kanra. Kickoff ayé àtijọ́ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èèyàn mẹ́wàá á ti gbéra láti ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ti sáré ogójì yáàdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tọ̀hún náà ń sáré bọ̀, ìgbà tí wọ́n bá fi máa pàdé ó ti dà bí ọkọ̀ méjì tó forí sọra wọn lójú títì. Akoto ò lè dá ìyẹn dúró. Akoto ń dáàbò bo egungun orí, ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀ á ṣì mì.

Nínú líìgì Ivy, níbi tí yunifásítì bíi Harvard, Yale àti Princeton ti ń gbá, wọ́n ṣírò ọ̀rọ̀ yìí fún sáà 2015: kickoff ò ju 6 nínú 100 gbogbo eré tó wáyé lọ, síbẹ̀ òun ló fa 21 nínú 100 concussion tí wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́. Lọ́dún 1892, nígbà tí Harvard bá Yale pàdé, Harvard bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun kan tí wọ́n ń pè ní flying wedge, ọgbọ́n Lorin Deland ni, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn eré chess. Àwọn agbábọ́ọ̀lù pín sí ọ̀nà méjì lẹ́yìn, wọ́n sáré bọ̀ láti ìhà méjèèjì, wọ́n wá pàdé bí ẹnu àáké níwájú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n sì forí lé ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn Yale. Yale ló padà borí lọ́jọ́ yẹn, 6 sí 0, àmọ́ gbogbo ayé ti rí ohun tí eré sísá láti òkèèrè lè ṣe fún ara èèyàn, kò sì pé ọdún méjì tí wọ́n fi fòfin dè é. Síbẹ̀ ọmọ ìyá ẹ̀ ò kúrò nínú kickoff fún ọgọ́rùn-ún ọdún lé ní díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: àwọn mẹ́ta mẹ́rin tó tóbi jù á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á di ògiri níwájú ẹni tó ń sáré, ẹnì kan láti tíìmù kejì á sì fi gbogbo ara ẹ̀ ya ògiri náà.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ìdajì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín Buffalo Bills àti Denver Broncos. Kevin Everett sáré wálẹ̀ lórí kickoff, ó tẹ orí síwájú, akoto ẹ̀ sì gbá ti Domenik Hixon tó gbé bọ́ọ̀lù. Ó ṣubú dojú bolẹ̀, kò sì ná ọwọ́ jáde láti fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀, èyí ni àwọn tó ń wò fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Egungun ọrùn ẹ̀ ti yẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé kò ní rìn mọ́, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ pápá ìṣeré Buffalo. Eric LeGrand ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yunifásítì Rutgers ni, ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni, wọ́n ń bá Army gbá, 17 sí 17 ló wà, LeGrand sì sáré wá gbé ẹni tó mú kickoff ṣánlẹ̀, orí ló fi kàn án, egungun ọrùn ẹ̀ méjì fọ́, kò sì lè mí dáadáa níbi tó wà. Títí di òní orí kẹ̀kẹ́ arọ ló wà. Rutgers ti gbé nọ́ńbà 52 tó wà lára aṣọ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹlòmíì má bàa wọ̀ ọ́ mọ́, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní yunifásítì náà.

Kóòṣì ẹ̀, Greg Schiano, ò gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn. Òun ló dábàá pé kí wọ́n pa kickoff rẹ́ pátápátá, kí tíìmù tí ì bá gbá kickoff gba bọ́ọ̀lù sórí ìlà 30 tiwọn bíi pé àǹfààní ìkẹyìn ló ṣẹ́ kù fún wọn láti fi rí yáàdì 15 kí bọ́ọ̀lù tó lè ṣì jẹ́ tiwọn, kí wọ́n wá yàn bóyá àwọn á gbá a dànù fún àwọn tọ̀hún tàbí àwọn á dán orí wọn wò. NFL gbọ́ ọ, Roger Goodell tó jẹ́ olórí líìgì náà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ní gbangba lọ́dún 2012, àmọ́ wọn ò ṣe é.

Ohun tí wọ́n ń ṣe dípò ẹ̀ ni pé wọ́n ń dín sísáré padà kù díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2009 wọ́n ní ògiri tó bá ju èèyàn méjì lọ ti di èèwọ̀. Lọ́dún 2011 wọ́n gbé ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìlà 30 padà sí 35, kó lè rọrùn láti gbá a wọ end zone, níbi tí ẹni tó mú un ti lè kúnlẹ̀ kó gba touchback, ìyẹn ni pé wọ́n á fún tíìmù ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù lórí ìlà kan láìsí pé ẹnikẹ́ni sáré. Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: lọ́dún 2010, nǹkan bíi 80 nínú 100 kickoff ni wọ́n ń sáré padà, ó já sí nǹkan bíi 53 lọ́dún kejì ẹ̀. Lọ́dún 2016 wọ́n sún touchback láti ìlà 20 sí 25 kí kíkúnlẹ̀ lè túbọ̀ wu èèyàn. Lọ́dún 2018 wọ́n pa ògiri rẹ́ tán, wọ́n sì ní àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ gbéra láti ẹ̀yìn mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ jìnnà ju yáàdì kan sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà.

Àwọn mìíràn ò dúró de NFL. Pop Warner, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, yọ kickoff kúrò lọ́dún 2016 fún àwọn ọmọ tó kéré jù, tí wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọdún yẹn náà ni líìgì Ivy gbé kickoff sún síwájú sí ìlà 40, àbájáde ẹ̀ sì wà lára èyí tó hàn gedegbe jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: concussion láti orí kickoff já láti nǹkan bíi 11 nínú 1,000 kickoff sí 2. Líìgì kékeré kan, AAF, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019 ò tiẹ̀ ní kickoff rárá.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dín in kù yìí, eré náà ń kú. Nígbà tó fi máa di sáà 2023, nǹkan bíi 22 péré nínú 100 kickoff ni ẹnikẹ́ni ń sáré padà, nínú Super Bowl LVIII, ìyẹn ìdíje àṣekágbá NFL, tí wọ́n gbá lóṣù kejì ọdún 2024 kò sí ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo kickoff ọjọ́ yẹn touchback ni. Ẹni tó bá rántí Super Bowl XLI lọ́dún 2007 á mọ ohun tó sọnù, torí Devin Hester ti Chicago Bears mú kickoff àkọ́kọ́ ọjọ́ yẹn nínú òjò, ó sì sáré yáàdì 92 lọ gba touchdown kí èèyàn tó jókòó dáadáa. Ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí ní Brooklyn, Adewale Ogunleye, wà nínú tíìmù Bears ọjọ́ yẹn. Wọ́n gba Hester sínú Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni eré náà, lọ́dún 2024, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀ torí sísáré bọ́ọ̀lù padà gangan.

Ojútùú náà wá láti líìgì mìíràn. Nígbà tí XFL ń múra láti bẹ̀rẹ̀ padà lọ́dún 2020, Sam Schwartzstein wà lára àwọn tó ronú pé sísáré padà kọ́ ló ń ṣe èèyàn léṣe, àyè tó wà láàárín wọn ni. Mú àyè yẹn kúrò, o lè fi sísáré padà sílẹ̀. Àwọn kóòṣì special teams nínú NFL, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó eré bíi kickoff, bíi John Fassel, Darren Rizzi àti Richard Hightower, mú èrò yẹn, wọ́n tún un tò, àwọn olówó tíìmù sì fọwọ́ sí i lóṣù kẹta ọdún 2024 pẹ̀lú ìbò 29 sí 3.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù á dá dúró sórí ìlà 35 tiẹ̀. Àwọn mẹ́wàá tó kù ti kọjá lọ, wọ́n tò sórí ìlà 40 àwọn tọ̀hún. Iwájú wọn gan-an, láàárín ìlà 35 sí 30, ni ó kéré tán àwọn mẹ́sàn-án lára tíìmù kejì dúró sí, yáàdì 5 péré ló sì là wọ́n láàárín. Ọ̀kan tàbí méjì dúró lẹ́yìn láti mú bọ́ọ̀lù. Wọ́n á gbá a, bọ́ọ̀lù á sì máa fò kọjá lórí gbogbo wọn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni lára àwọn tó dojú kọra yìí ò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀, wọ́n á kàn máa wo ojú ara wọn títí bọ́ọ̀lù á fi kan ilẹ̀ tàbí kan ọwọ́ ẹni tó fẹ́ mú un. Ó ṣàjèèjì lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, àfi bíi pé àwòrán dúró lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tó bá kan ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀ tó bẹ́.

Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ láàárín ìlà góòlù sí ìlà 20 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà bí eré, wọn ò lè gba fair catch, ìyẹn kí ẹni tó fẹ́ mú un fọwọ́ júwe pé òun ò ní sáré, kí wọ́n má bàa kàn án. Bí kò bá dé ibẹ̀, ìlà 40 ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá wọ end zone tààrà tí wọ́n kúnlẹ̀, ìlà 30 ni lọ́dún 2024, àmọ́ ìyẹn ò dẹ́rù ba àwọn kóòṣì tó, ọ̀pọ̀ ló ṣì ń gbá a wọlé. Síbẹ̀ àwọn tó sáré padà gòkè dé nǹkan bíi 33 nínú 100, líìgì sì kéde pé ìwọ̀n concussion lórí kickoff wálẹ̀ gan-an. Touchdown àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin yìí bọ́ sọ́wọ́ DeeJay Dallas ti Arizona Cardinals, yáàdì 96, ní Buffalo, ìlú kan náà tí Everett ti ṣubú.

Lọ́dún 2025 wọ́n sọ òfin náà di ti gbére, wọ́n sún touchback lọ sí ìlà 35, ìyẹn ló wá yí nǹkan padà, sísáré padà pọ̀ sí i ju ìlọ́po méjì ti 2024 lọ. Ohun kan ni òfin yìí gbà lọ́wọ́ eré náà tí kò tíì rí arọ́pò: onside kick tí ẹnikẹ́ni ò retí, ìyẹn kickoff kúkúrú tí tíìmù tó gbá a fẹ́ fúnra wọn gbé padà. Lọ́dún 2010 nínú Super Bowl XLIV, New Orleans Saints fi irú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, bọ́ọ̀lù fẹ̀gbẹ́ yí lọ sáàárín àwọn Colts tí wọ́n ti kẹ̀yìn sí i, Saints gbé e, wọ́n sì gba ife. Lábẹ́ òfin ọdún 2025, tíìmù tó bá wà lẹ́yìn nìkan ló lè gbá onside, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún rẹfirí.