Orúkọ àti ọjọ́ ìbí kò tó láti fi dá ènìyàn mọ̀ nínú dátábéèsì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe dátábéèsì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, fún ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló gbà pé bí àwọn bá ti ní orúkọ ènìyàn, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwọn ò tún lè ṣì í mú mọ́. Irọ́ ni. Ẹ gbé ètò bẹ́ẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan náà, ojúlé kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá kan náà. Bí akọ̀wé bá ṣi káàdì mú pẹ́nrẹ́n, abẹ́rẹ́ àjẹsára Táíwò á bọ́ sórí ìwé Kẹ́hìndé. Ọ̀kan á gbà á lẹ́ẹ̀mejì, èkejì ò ní gbà á rárá. Ìlera ọmọdé ni à ń sọ yìí o.

Ọjọ́ ìbí gan-an kò ṣeé fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá sì sọ ọ́ di dandan, akọ̀wé á fojú díwọ̀n ọdún, á kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i, ó parí. Ó yẹ kí kọ́lọ́mù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìbí tí yóò sọ bóyá ó dájú tàbí a díwọ̀n rẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn á ní, ṣebí NIN wà? NIN wúlò púpọ̀, àmọ́ ẹ má fi ṣe primary key, ìyẹn nọ́ńbà tí dátábéèsì fi ń dá àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá kò tíì ní in, ẹni tí wọ́n gbé dé láti ibi ìjàǹbá mọ́tò kò lè kà á sí yín létí. Ẹyọ nọ́ńbà 11 ló wà nínú NIN, 11 ló wà nínú BVN ti báńkì, 11 náà ló sì wà nínú nọ́ńbà fóònù wa. Akọ̀wé tó ń kánjú lè tẹ ọ̀kan sí àyè èkejì, ètò tó bá jẹ́ pé iye nọ́ńbà nìkan ló ń kà kò sì ní mọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ètò fúnra rẹ̀ pín nọ́ńbà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí kò sì ní yí padà títí láé. Ẹ kó orúkọ sí tábìlì tirẹ̀, ìlà kan fún orúkọ kan, kí obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ ṣì ṣeé rí bí wọ́n bá fi orúkọ ilé bàbá rẹ̀ wá a. NIN, nọ́ńbà káàdì àti fóònù náà á ní tábìlì tiwọn, torí pé wọ́n lè yí padà, ẹlòmíràn sì lè gba fóònù tí a ti pa tì.

Wíwá ènìyàn ni iṣẹ́ kejì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fìyà jẹ èdè wa jù. Lẹ́tà ẹ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn á tẹ é kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á ní orúkọ méjì ni. Ẹ fi NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú ọ̀nà ìtẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, tò ó kẹ́ ẹ tó fi pamọ́. Kódà NFC kò mú gbogbo rẹ̀, torí àwọn kan ń lo ìlà kékeré lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kíńkín. Ẹ tọ́jú orúkọ bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ wá ní kọ́lọ́mù mìíràn fún wíwá, tí a ti yọ gbogbo àmì inú rẹ̀, tí a sì ti sọ sh di s. Ṣadé, Sade àti Shade á pàdé níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún Soundex, ọ̀nà wíwá orúkọ nípa bó ṣe ń dún, tí ọ̀pọ̀ dátábéèsì gbé wá. Robert Russell ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1918, fún orúkọ ibẹ̀. Ó ń mú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó ń da fáwẹ́lì àti h, w, y nù, ó ń fi nọ́ńbà rọ́pò kọ́ńsónáǹtì tó kù, ó sì ń fi òdo dí àyè tó bá ṣófo. Bọ́lá di B400, Bello náà di B400. Táyọ̀, Táíwò àti Tóyè, T000 ni gbogbo wọn. Fáwẹ́lì ló gbé orúkọ Yorùbá ró, òun gan-an ni wọ́n sì dà nù. Nínú dátábéèsì tó ń jẹ́ PostgreSQL, àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ pg_trgm sàn jù fún wa, torí pé lẹ́tà mẹ́tamẹ́ta ló ń gé orúkọ sí, kì í yọ fáwẹ́lì.

Ohun yòówù tí ẹ bá lò, àwọn tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni náà nìkan ni ìwákiri lè kó jọ. Ẹ fi orúkọ ìyá, ìlú àti fọ́tò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹni tó jókòó sídìí káàdì bi aláìsàn léèrè kó tó mú ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì rí i pé ìwé méjì jẹ́ ti ẹnì kan, kí wọ́n so nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ tuntun ni, kí wọ́n má pa á rẹ́, kó lè ṣeé tú bí ó bá já sí àṣìṣe.