Bí ààtàn ṣe ń di ilẹ̀dú

Bí wọ́n bá gbálẹ̀ tán lágboolé, wọ́n á kó ewé jọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á sì ṣáná sí i. Náítírójìn tó ń mú kí ewé ẹ̀fọ́ dúdú minimini ń bá èéfín yẹn lọ. Eérú tó kù wúlò níwọ̀nba, nítorí pótáṣíọ̀mù, ọ̀kan lára oúnjẹ ewéko, wà nínú rẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ilẹ̀ ti jóná. Àdánù gidi ni.

Ẹ wo ààtàn ẹ̀yìnkùlé àtijọ́: ìbẹ́pẹ, tòmátì àti tẹ̀tẹ̀ ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ṣe é. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń mí.

Ohun gbígbẹ, bíi ewé tó wọ́, háhá àgbàdo àti páálí, ni kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀. Òun ló ń fún àwọn kòkòrò yẹn lágbára. Ohun tútù, bíi èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ, ló ní náítírójìn tí wọ́n fi ń mọ ara. Kábọ́ọ̀nù 25 sí 30 sí náítírójìn 1 ló bá wọn lára mu. Kò sẹ́ni tí yóò gbé òṣùwọ̀n lọ sẹ́yìnkùlé o: garawa ohun tútù 1, garawa ewé gbígbẹ 2 tàbí 3 lé e lórí, ó tó.

Ní ti omi, kó rin bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Bí omi bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, ààtàn á sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Òórùn yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn kórìíra ààtàn, bẹ́ẹ̀ ewé gbígbẹ àti yíyí rẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ fi páànù bò ó.

Ooru rẹ̀ ló yani lẹ́nu jù. Òkìtì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, á gbóná láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹ fà á yọ: ọwọ́ kò ní lè dì í mú pẹ́. Ooru náà lè dé 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irúgbìn èpò àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ adìẹ á sì kú. Òkìtì kékeré kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, torí ooru rẹ̀ ń sá lọ.

Nígbà tí ooru òkìtì ńlá bá rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń tán. Ẹ fi ṣọ́bìrì yí i, kí tìta di tinú, á tún gbóná. Ìgbà tí ẹ bá yí i tí kò gbóná mọ́ ni ekòló àti ọ̀kùn máa ń dé láti parí iṣẹ́.

Ẹran, egungun àti epo ọbẹ̀ ń pe eku, ẹ má dà wọ́n síbẹ̀. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà, májèlé sì ni bátìrì.

Bí a bá ń yí i déédéé, oṣù 2 sí 3 tó kó fi dúdú, kó rí wúruwùru, kó sì máa ta sánsán bí ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò pa. Ẹ má kánjú bu èyí tí kò tíì jẹrà tán sídìí ẹ̀fọ́: àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á máa fa náítírójìn ilẹ̀ mu, ewé ẹ̀fọ́ á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.