Géémù ló bí ẹ́ńjìnnì

Bí ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Tanke, Ìlọrin, bá ní òun fẹ́ fi ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ṣe géémù, "Ẹ́ńjìnnì wo ni kí n lò?" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géémù, tó sì ń mú un ṣiṣẹ́. Géémù tí à ń wí ni èyí tí a ń fi máòsì tẹ nǹkan inú àwòrán: ká mú kọ́kọ́rọ́, ká bi bàbá arúgbó léèrè ọ̀rọ̀, títí àdììtú yóò fi tú. Bẹ́ẹ̀ géémù ló ṣáájú, kí ẹ́ńjìnnì tó dé.

Ní 1980, Roberta Williams àti Ken ọkọ rẹ̀ gbé Mystery House jáde ní Amẹ́ríkà. Àwòrán wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń ta á ń tẹ̀ fi pàṣẹ.

Èyí sú Ron Gilbert, tí òun náà ń ṣe géémù. Ta ló fẹ́ máa méfò ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà gbọ́? Nígbà tí òun àti Gary Winnick ń ṣe Maniac Mansion, tó jáde ní 1987, wọ́n to ọ̀rọ̀-ìṣe sí ìsàlẹ̀ àwòrán: tẹ "ṣí", tẹ ilẹ̀kùn, ó parí. Nítorí géémù yìí ni wọ́n ṣe dá ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ SCUMM sílẹ̀. Kódà, M méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ dúró fún Maniac Mansion. Wọ́n á kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, apá kejì á máa túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá yí padà, apá kejì nìkan ni wọ́n máa tún kọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Òun ló jẹ́ kí iléeṣẹ́ wọn lò ó fún géémù lóríṣiríṣi títí di 1997, òun náà ló jẹ́ kí ScummVM, ètò tí a fi ń ta àwọn géémù àtijọ́ yìí, lè mú wọn ṣiṣẹ́ lórí fóònù òde òní.

SCUMM kì í ṣe fún ará ìta. Chris Jones, ará ìlú Ọba, ló wá ṣe ẹ́ńjìnnì Adventure Game Studio fún gbogbo ènìyàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Unity àti Godot, ẹ́ńjìnnì fún oríṣiríṣi géémù, lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n a kò dìídì ṣe wọ́n fún irú géémù yìí: ìrìn, àpò ẹrù, ìtàkùrọ̀sọ, àfi kéèyàn ṣe é fúnra rẹ̀ tàbí kó wá àfikún tí ẹlòmíràn ti ṣe.

Ère Ẹ̀sìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ìtàn ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Yàrá díẹ̀, àgbà díẹ̀, ìbéèrè rẹpẹtẹ: Adventure Game Studio tó o, láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára sì lè gbé e. Àmì ohùn wa ló yẹ kó dẹ́rù bà á. Lẹ́tà bí ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ṣe ni kọ̀ǹpútà ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀, fọ́ǹtì mìíràn á sì ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tẹ "Ẹ̀sìẹ́" síbẹ̀ wò ná, kó tó ya àwòrán kankan.