Ọ̀rẹ́ Mi Kan Ló Ní Kí N Bá Òun Béèrè

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn ọmọbìnrin lórí fóònù, nípa ara wọn àti nípa ọkàn wọn. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà ni mo ṣì jẹ́. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti tọ́jú, kò sẹ́ni tó dààmú mi tó "ọ̀rẹ́ mi kan". Ọ̀rẹ́ mi kan ni rọ́bà bẹ́ mọ́ lára. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ojú ara ń yún. Ọ̀rẹ́ mi kan ni kò rí oorun sùn. Ojú ọ̀rẹ́ yìí mà ti rí nǹkan o! Àrùn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ fara balẹ̀, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú: "Ẹ káalẹ́ ma." Mo dáhùn, mo dúró, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé: "Àǹtí, mo ní ìbéèrè." Ó tún dákẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi o." Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀: alẹ́ Sátidé tó kọjá ni rọ́bà ti bẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ aago kì í bá ẹnikẹ́ni dákẹ́.

Oògùn pàjáwìrì tó wọ́pọ̀ jù láti dènà oyún, levonorgestrel, wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ la fún un, bí ẹ bá sì ṣe tètè lò ó tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ulipristal wà, òun lè dé wákàtí 120. Lúùpù oníbàbà tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bá fi sínú ilé ọmọ láàárín ọjọ́ 5 ló lágbára jù nínú wọn. Nítorí náà, ọmọ Ọjọ́rú yẹn ṣì ní ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó rọrùn jù ti dí, ìtìjú ló sì dí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń pariwo wákàtí. Oògùn wọ̀nyẹn kì í já oyún, wọn kì í sì í fọ ilé ọmọ. Ẹyin ni wọ́n ń dá dúró kó má tíì jáde. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5. Ẹyin ní tirẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Tí ẹyin bá ti jáde kí ẹ tó gbé oògùn mì, kí ni oògùn fẹ́ dá dúró? Kẹ́ ẹ wá lò ó ní ìlọ́po méjì torí pé ẹ ti pẹ́ kò lè dá aago padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má yẹ oyún wò lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ wá máa jó. Ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé.

Ti HIV náà rí bẹ́ẹ̀. Oògùn tí a ń lò lẹ́yìn tí ewu bá ti ṣẹlẹ̀, láàárín wákàtí 72 la gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 gbáko la sì fi ń lò ó. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kó má jókòó kọ̀wé sí mi rárá. Kó kọjá sílé ìwòsàn, kó kọ̀wé sí mi lójú ọ̀nà.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí, áàpù nǹkan oṣù mi ní kò séwu lọ́jọ́ yẹn." Áàpù kò rí inú yín o. Oṣù tó kọjá ló ń wò, ló fi ń méfò èyí tó ń bọ̀. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀, ìyẹn nǹkan oṣù tí kò tíì dé! Ìdààmú tàbí àìsàn lè sún un síwá sẹ́yìn. Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀ ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún èmi tí mo ti búra pé n kò ní tú àṣírí, ẹ wá ń kó gbogbo rẹ̀ fún áàpù. Àjọ FTC, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà fún ìjọba Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan Flo, ọ̀kan lára àwọn áàpù nǹkan oṣù wọ̀nyí, pé ó ń fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn obìnrin tó ń lò ó ránṣẹ́ sí Facebook àti Google. Ọdún 2021 ni wọ́n parí ẹjọ́ náà, láìjẹ́ pé Flo gbà pé òun jẹ̀bi.

Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta omi ìfọ̀dí orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí inú á bí mi. Ojú ara ní àwọn kòkòrò rere tirẹ̀ tó ń mú kó kan díẹ̀, kan-kan yẹn ló ń lé àrùn sẹ́yìn. Ẹ fi ọṣẹ olóòórùn fọ inú rẹ̀, ẹ pa àwọn olùṣọ́, òórùn burúkú wá dé, ẹ padà lọ ra ìgò kejì lọ́wọ́ ẹni tó ta àkọ́kọ́. Ọdún mélòó ni mo fi jókòó kọ́ iṣẹ́ yìí, tí mo fi ń jí lóru? Ẹni tó kọ́ tirẹ̀ nínú fídíò ìṣẹ́jú kan lẹ wá ń pè ní dókítà!

Ẹ̀rọ tó ń fèsì bí èèyàn ńkọ́? Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ran àwọn tí jíjẹun ti di àìsàn fún lọ́wọ́, NEDA, ní láti pa tirẹ̀, Tessa, tì. Ó ń kọ́ àwọn tí kò fẹ́ jẹun bí wọ́n ṣe máa rù sí i. Ṣùgbọ́n kí n tó bú ẹ̀rọ tán, èmi náà ti ṣe bí ẹ̀rọ rí.

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé: "Àǹtí, ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ìdánwò ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lórí fóònù, 8 ló gbà." PHQ-9 ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó: ìbéèrè 9, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 3, òpin rẹ̀ 27. 8 kò dé 10 tó ń mú wa gbéra. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Ó kéré. Kó máa sùn dáadáa, kó máa rìn káàkiri, kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì." Mo fi àwòrán ẹ̀rín sí i, mo bọ́ sórí ẹlòmíì.

Lóru ọjọ́ náà, ó tún kọ̀wé: "Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún gbogbo rẹ̀." Mo ti kà á kọjá kí n tó padà sí i. Gbogbo kí ni? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì dá a lóhùn. Mo pè é, kò gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbé e. Mo bi í lójúkojú: "Ṣé o ń ronú àtipa ara rẹ ni?" Àwọn kan gbà pé bíbéèrè ló ń fi èrò yẹn síni lọ́kàn, irọ́ ni. Mo ń gbọ́ ìró fáànù yàrá rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Ìbéèrè kẹsàn-án ló ń béèrè bóyá èèyàn ń rò pé ó sàn kí òun kú, tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. 3 ló kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́. Áàpù ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kọ "díẹ̀" sí i níwájú. Èmi tí mo kàwé, mo gba àròpọ̀ náà gbọ́.

Mo bi í pé ta ló wà nílé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń sùn ní yàrá kejì. Mo ní kó kan ògiri. Kò fẹ́. Mo ní mi ò ní pa fóònù títí ó fi máa kàn án. Ó kàn án. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn bó ṣe ń ka èyí, kó jẹ́ kí ìyókù dúró ná, kó kan ògiri, kó pe ẹni tó wà nítòsí, kí wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ ohùn oorun: "Kí ló dé? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ láago yìí?"

Wọ́n rí dókítà láàárọ̀. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá fi àròpọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìbéèrè kẹsàn-án ni mo kọ́kọ́ ń bi í, ì báà jẹ́ 2 ló gbà. Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kò ya wèrè.