Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Yẹ̀ Lábẹ́ Civita di Bagnoregio

Ní ẹkùn Lazio, nǹkan bí 120 kìlómítà sí àríwá Róòmù, ìlú kékeré kan jókòó sórí òkè kan ṣoṣo, àfonífojì yí i ká. Civita di Bagnoregio lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ítálì máa ń pè é ní ìlú tó ń kú lọ, nítorí pé etí rẹ̀ ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ wò ó ló ń wo ògiri ilé, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìpele méjì ni ilẹ̀ tó gbé ìlú náà. Tufo ló wà lókè, òkúta tí eérú gbígbóná àwọn òkè ayọnáyèéfín agbègbè Bolsena dà nígbà tó tutù. Ó le tó láti gbé ilé, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Àwọn Etruscan, ẹ̀yà kan láyé àtijọ́ ní Ítálì, tó tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, mọ èyí dáadáa. Wọ́n gbẹ́ ihò àti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ sínú rẹ̀. Lábẹ́ tufo ni amọ̀ wà, èyí tí òkun fi sílẹ̀ láyé ìgbà tí omi ṣì bo ibẹ̀.

Nígbà ooru, oòrùn á sá amọ̀ yìí títí yóò fi sán. Bí òjò bá dé, omi á gba ojú sísán náà wọlé, amọ̀ á wú, á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, á sì máa ṣàn lọ sísàlẹ̀. Odò kékeré méjì, Rio Chiaro àti Rio Torbido, ló ń gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè náà. Ká ní amọ̀ tó ya lulẹ̀ ń dúró síbẹ̀ ni, ì bá kóra jọ, ì bá sì máa ti òkè lẹ́yìn. Àmọ́ odò á gbé e lọ, ẹ̀gbẹ́ òkè á sì tún dà gẹ̀rẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá.

Bí amọ̀ bá ti yẹ̀ lábẹ́, etí tufo á wà lófuurufú. Òkúta yìí kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń là. Ojú lílà náà á gba òkè lọ sísàlẹ̀, omi òjò á tún bá ibẹ̀ kọjá lọ bá amọ̀, títí odindi òkúta yóò fi já, tòun ti ohun tí wọ́n kọ́ lé e. Etí tuntun á yọ, ó wá kan àwọn ilé tó tẹ̀ lé e. Báyìí ni ilé tí wọ́n bí Bonaventure Mímọ́, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, sí ṣe lọ. Ààfin kan wà tó jẹ́ pé ògiri iwájú nìkan ló kù. Ojú ọ̀run lèèyàn ń rí láti ojú fèrèsé rẹ̀.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1695 mú kí nǹkan yára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù àti ti ìjọba ìlú kó lọ sí Bagnoregio tó wà nítòsí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tẹ̀ lé wọn. Ilẹ̀ tó so ìlú méjèèjì pọ̀ náà jẹ tán, ó di afárá. Èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn báyìí, wọ́n kọ́ ọ ní 1965.

Àgbàrá òjò ò lóun ò ní í wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Onímọ̀ ilẹ̀ tó bá fẹ́ gba irú òkè yìí là, omi ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ: á mọ ìdènà sínú odò kó má baà jìn sí i, á darí omi òjò kúrò létí òkè, á gbin igi àti koríko sórí amọ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi ọ̀pá irin di tufo mú. Gbogbo èyí kàn ń dín ìyára ìyawólẹ̀ náà kù ni, kò lè dá a dúró, torí amọ̀ ṣì wà lábẹ́.

Láti 2013 ni àlejò ti ń san owó kó tó gba afárá kọjá: yúrò kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di yúrò márùn-ún lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń gbé inú ìlú náà kò ju ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ lọ. Wọn ò lè dá bùkátà òkè yìí gbé. Ó tọ́ kí ẹni tó wá wòran dá sí i, ó sì tọ́ kí ẹsẹ̀ òkè kọ́kọ́ rí nínú owó náà kó tó kan ọ̀dà ògiri.