Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ta Ló Ni Àárín Ìlú Èkó Báyìí?

Nígbà tí iná jó ilé Afriland Towers ní Broad Street ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, tó sì pa àwọn òṣìṣẹ́ kan, ọ̀rọ̀ àárín ìlú Èkó tún di ohun tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè. Àwọn kan ní àwọn rò pé ọ́fíìsì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀bù ní Balógun kì í rí i bọ̀rọ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ṣé àárín ìlú Èkó ti kú ni?

Kò kú. Ó kúrò lọ́wọ́ ọlọ́fíìsì, ó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́jà ni.

Àwọn wo ló kúrò, kí ló sì mú wọn lọ?

Ìjọba àpapọ̀ ló ṣíwájú. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti pinnu pé Àbújá ni olú-ìlú yóò wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n kó lọ ní gbangba. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun ọ̀sán, tó ń ránṣọ, tó ń ra ìwé ìròyìn ní àyíká Màrínà bá ìjọba lọ. Independence House, ilé gíga tí wọ́n fi sàmì òmìnira, jóná ní ọdún 1993, ó sì wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn náà ló kan báńkì. Ní oṣù Keje ọdún 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé owó tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ kò ní jẹ́ bílíọ̀nù 2 náírà mọ́, bílíọ̀nù 25 ni. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí ọdún 2005 fi parí, 25 péré ló kù. Báńkì mẹ́rin tó bá di ọ̀kan kò tún nílò olú-iléeṣẹ́ mẹ́rin, Victoria Island tí àyè ìgbọ́kọ̀sí wà ló sì wu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ o: olú-iléeṣẹ́ First Bank àti ti Wema ṣì wà ní Màrínà. Ní Customs Street, níbi tí wọ́n ti ń ta ìpín ìdókòwò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò láti oṣù Kẹrin ọdún 1999, kò sì pọn dandan fún alágbàtà mọ́ láti gbé ọ́fíìsì sí tòsí.

Bí ilé gíga bá ṣófo, kí ló dé tí owó ṣọ́ọ̀bù kò wálẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ dì mú dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ohun tí ọlọ́fíìsì ń sanwó fún yàtọ̀ sí ti ọlọ́jà. Ọlọ́fíìsì ń sanwó fún ìtura: lífìtì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù, omi, ibi tí yóò gbé mọ́tò sí. Púpọ̀ nínú ilé gíga Màrínà àti Broad Street ni wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1960 sí 1980, nígbà tí wọ́n gbà pé iná ọba yóò máa wà. Bí iná bá lọ, dísẹ́lì ni onílé yóò máa rà. Ta ni yóò sanwó ńlá lórí àjà kẹẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni yóò máa gùn dé ibẹ̀ lójoojúmọ́?

Ọlọ́jà kò bèèrè lífìtì. Ibi tí èrò pọ̀ sí ló ń wá. Ẹni tó bá ta bàtà tàbí léèsì ní Balógun ń tà fún ará Èkó, fún ará Ìbàdàn, fún oníbàárà tó wá láti Kọ̀tọ́nù àti Lomé. Èbúté Àpápá kò jìnnà, ọjà ń ti inú kọ̀nténà bọ́ sórí Afárá Èkó, ó ń wọ ìgboro. Onílé náà sì mọ ìṣirò. Gbọ̀ngàn kan tí báńkì kan ṣoṣo ń lò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá pín in sí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, owó tí yóò ti ibẹ̀ jáde lé ju ti báńkì lọ. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, òkè ṣófo, títí tí ẹnì kan fi rántí pé òkè náà wúlò fún ìkẹ́rùsí.

Ibi tí ewu ti wọlé nìyẹn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àjà tí wọ́n ṣe fún tábìlì àti àga ń gbé bélì aṣọ. Wọ́n to páálí dí àtẹ̀gùn. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń fa wáyà tirẹ̀, ó ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ẹnu ọ̀nà. Iná jó ní Balógun ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Kò pé oṣù mẹ́ta tó tún jó, ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2020. Àtẹ tó gba ojú títì kì í jẹ́ kí mọ́tò panápaná tètè dé ibi iná. Ènìyàn ò gbọdọ̀ dá ọlọ́jà nìkan lẹ́bi. Ẹni tó yí ọ́fíìsì padà sí ilé ìkẹ́rùsí láìgbàṣẹ ni kó kọ́kọ́ wá dáhùn.

Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa yí àárín Èkó padà?

Rárá. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Láàárín ọdún 1955 sí ìgbà òmìnira, àjọ náà wó agboolé ní àárín ìlú, ó kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó ní omi àti iná. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà lójúde ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà, ẹbí tó ń gbé pọ̀ fọ́n ká. Púpọ̀ nínú wọn kò rí owó ra ilẹ̀ wọn padà. A kì í sábà rántí èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ti kọ́ láti máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àtúnṣe.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé Àgùdà?

Àwọn Àgùdà ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí àwọn àti àtọmọdọ́mọ wọn padà wá sí Èkó, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia, ní Bràsíìlì, ní ọdún 1835. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ní àyíká Campos àti Òpópónà Bámgbóṣé. Káfíńtà àti bíríkìlà wọn ló kọ́ ilé tó lẹ́wà jù ní Èkó láyé ìgbà náà.

Ilojo Bar ní Tinúbú jẹ́ ọ̀kan. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹbí Ọláìyá rà á ní ọdún 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ó dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: bí ìjọba bá ní kí ẹbí má wó ilé, tí kò sì sí owó àtúnṣe, òjò ni yóò wó o. Ilẹ̀ tí ilé náà wà sì ti di góòlù.

Ẹ wá wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Òpópónà Martins, tí João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Àárín ariwo ọjà ló wà, kò sì wó, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń kírun nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ilé tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe ni ọjà ń gbé mì.

Ṣé àṣà ti kúrò níbẹ̀ náà ni?

Ó ṣì wà, ibi tó fìdí sí ló yí padà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street di Freedom Park ní ọdún 2010, orin àti eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí. Gbàgede John Randle fún àṣà àti ìtàn Yorùbá wà ní Oníkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ọdún 1928 wà. Ọmọ Èkó tó ń gbé ní Sùúrùlérè tàbí Ìkòròdú ṣì ń padà sí ìgà bàbá rẹ̀ nígbà tí Ẹ̀yọ̀ bá fẹ́ jáde. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn tó ń sùn níbẹ̀ lálẹ́ ń dín kù. Àṣà tó jẹ́ pé àlejò nìkan ló ń wá wò ó kò lágbára bí èyí tí aládùúgbò ń ṣe.

Ǹjẹ́ ọkọ̀ ojú irin yóò dá ọ́fíìsì padà?

Bóyá díẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 dé Màrínà. Ní tèmi, ọlọ́jà ni yóò kọ́kọ́ jèrè rẹ̀.

Ṣé kí n má lọ ra ọjà níbẹ̀ mọ́ ni?

Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gun òkè, ẹ wo ibi tí àtẹ̀gùn kejì wà. Bí kò bá sí, tàbí tí ẹrù dí i, ẹ rà á nísàlẹ̀. Ẹ má wọ ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sí, àmì pé ó yẹ kí wọ́n wó o ni. Ilé tó wó ní Ìta Fàájì ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀, àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀. Bí iná bá bẹ́ sílẹ̀, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè, lọ́gán.

Mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Kí ni kí n bèèrè?

Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ tó fi hàn pé wọ́n fọwọ́ sí i kí ilé náà di ọjà, kì í ṣe ti ọ́fíìsì àtijọ́. Ẹ bèèrè ẹni tó ń bójú tó wáyà gbogbo ilé. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011 sì sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó kan ilé ìtajà, Ìsàlẹ̀ Èkó kò sì sí nínú àdúgbò tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Ẹbí wa ní ilé níbẹ̀, ẹnì kan sì fẹ́ wó o kó fi kọ́ plásà. Ṣé kí á gbà?

Ẹ má tíì fọwọ́ síwèé. Ilé ẹbí kò ṣeé tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ pe gbogbo yín jọ, títí kan àwọn tó wà lókè òkun. Ẹ gba lọ́yà tiyín, kì í ṣe èyí tí kọ́ńtírákítọ̀ náà mú wá. Ẹ bèèrè iye ọdún tí ilé yóò fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, àjà tí yóò jẹ́ tiyín, àti orúkọ tí yóò wà lórí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ìsàlẹ̀ ilé ni owó wà. Bí wọ́n bá fún yín ní àjà kẹrin nìkan, ẹ tún ìdúnàádúrà náà bẹ̀rẹ̀. Bí ilé náà bá sì jẹ́ ti Àgùdà, ẹ ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ tó ń tọ́jú ilé àjogúnbá ní Oníkan.